Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ ṣèbẹ̀wò sí ọgbà irà Lẹ́kí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ sí Lekki Conservation Centre ní ìpínlẹ̀ Èkó ló jẹ́ pé afárá gígùn tó wà lórí igi nìkan ni wọ́n bá lọ. Wọ́n á san owó, wọ́n á sáré kọjá lórí pákó, wọ́n á gun afárá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà sílé láìmọ̀ pé inú irà ni àwọn wà látàárọ̀. Afárá náà dára, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ṣùgbọ́n nítorí irà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ọgbà náà sílẹ̀, irà yẹn ló sì yẹ kí a fún ní wákàtí tó dára jù lọ nínú ọjọ́ wa. Bí ẹ ṣe lè ṣe é, láti orí yíyan ọjọ́ títí dé orí ìpadàsílé, ni mo fẹ́ ṣàlàyé ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Irú ibi tí ẹ ń lọ

Lẹ́kí jẹ́ ilẹ̀ tóóró tó wà láàrin òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà. Iyanrìn tí ìgbì òkun ń kó jọ láti ayébáyé ló di ebè gígùn-gígùn tó tò tẹ̀lé ara wọn, omi òjò sì ń dúró sí kòtò tó wà láàrin ebè kan àti èkejì. Àwọn kòtò wọ̀nyí ló di irà. Kí ilé tó kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Lẹ́kí dé Ajáh, irà, igbó àti àgbọn ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú abúlé àwọn apẹja; lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kọ́ ẹ́síteètì bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn bo irà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbígbẹ kọ́lé sí. Ọgbà yìí, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, ìyẹn ju pápá bọ́ọ̀lù 100 lọ, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ibi tí ẹ ti lè rí bí agbègbè náà ṣe rí kí iyanrìn tó bò ó.

Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu ọmọ Ẹ̀pẹ́ dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ń bójú tó ọgbà náà. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ epo Chevron, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n tó wá fi afárá orí igi kún un.

Ó yẹ kí ẹ mọ iṣẹ́ tí irà ń ṣe kí ẹ tó débẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rí i bí omi ìdọ̀tí lásán. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bò, omi náà kò rí ibi wọ̀, ó sì di àgbàrá tó ń wọ ilé onílé. Tí òjò kan náà bá rọ̀ sí irà, omi á tàn káàkiri láàrin gbòǹgbò, ìṣàn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, iyanrìn àti ẹ̀gbin tó ń gbé bọ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa wọ inú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja àti akàn ni ó ń pa ọmọ síbẹ̀, nítorí pé àwọn ẹja ńlá kò lè ráyè wọlé sáàrin gbòǹgbò láti jẹ àwọn ọmọ wọn. Gbogbo ẹni tó ti wọ́dò kọjá títì Lẹ́kí nínú oṣù kẹfà ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irà bá dín kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọjọ́ tó dára

Òjò Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó máa ń le jù ní oṣù kẹfà, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúró de ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kejì kí ẹsẹ̀ wọn má baà rin, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ló dára jù lọ. Nígbà náà, omi òjò ṣì kún inú irà, òjò fúnra rẹ̀ sì ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ti dé sí etí òkun wa. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan ni ẹ ráyè, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín, nítorí ìgbà òjò ni kọ̀ǹkọ̀ ń ké jù. Ohun tó kàn jẹ́ dandan ni pé kí ẹ wo ojú ọjọ́ dáadáa, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ láti sún ìbẹ̀wò náà síwájú.

Ẹ yan ọjọ́ iṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àsìkò Iléyá, Kérésìmesì tàbí Àjíǹde, èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹ ó tò kí ẹ tó gun afárá, ariwo kò sì ní jẹ́ kí ẹranko kankan sún mọ́ ojú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ bá ká yín mọ́ àfi ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ rí i dájú pé ẹ wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni Ọjọ́ Irà Àgbáyé, tí a fi ń rántí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran ní 1971. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò ní rí ọjọ́ tó bá ẹ̀kọ́ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí ọgbà náà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń tì í. Owó ìwọlé máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wo ojú òpó Nigerian Conservation Foundation tàbí kí ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Ẹ béèrè ohun mẹ́rin: iye tí àgbàlagbà àti ọmọdé ń san; bóyá owó afárá wà nínú owó ìwọlé; bóyá afárá ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, nítorí ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà ní títì nígbà àtúnṣe; àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba owó. Bí ẹ bá pọ̀, bíi ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ilé-ìwé, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n lè fún yín ní ẹni tí yóò mú yín káàkiri. Ẹ gbà á bí ẹ bá rí i, nítorí ojú ẹni tó ń wo igbó náà lójoojúmọ́ yóò fi ohun tí ẹ̀yin ì bá kọjá lára rẹ̀ hàn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ ó wọ̀ àti ohun tí ẹ ó gbé dání

Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Pákó ọ̀nà inú irà máa ń yọ̀ nígbà tí ìrì tàbí òjò bá ti kan án, nítorí náà bàtà kánfáàsì tó bo gbogbo ẹsẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè di ilẹ̀ mú, ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì àti bàtà gogoro kò dára níbẹ̀ rárá. Gogoro tilẹ̀ lè há sí àlàfo àárín pákó. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn tí kò nípọn, nítorí ẹ̀fọn. Àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀ dára ju funfun báláú tàbí pupa fòò lọ, nítorí ẹyẹ tètè máa ń rí wọn. Kí obìnrin tó bá fẹ́ gun afárá má wọ aṣọ tó fẹ̀ sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀.

Ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ara kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbé omi mímu sínú ìgò tí ẹ lè gbé padà sílé. Ìgò kan ṣoṣo sàn ju piọ́ wọ́tà márùn-ún tí ọ̀rá rẹ̀ á di ohun tí ẹ ń wá ibi sọ sí. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì tó ní síípù. Oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, pàápàá oògùn ikọ́ fée, gbọ́dọ̀ wà lápò yín. Bí ẹ bá ní awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn, ẹ mú un dání, kódà bí kò bá ju kékeré lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ẹyẹ inú ọgbà náà kì í sọ̀ kalẹ̀.

Fóònù yín ti tó fún fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kámẹ́rà ńlá wá láti ya fọ́tò ìgbéyàwó tàbí fíìmù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alákòóso ṣáájú. Ẹ fi dúróònù sílé: ní Nàìjíríà, ènìyàn kì í fò ó láìgba àṣẹ ìjọba, ìró rẹ̀ sì máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹyẹ tó sàba lé ẹyin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ ó ṣe débẹ̀

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni ọgbà náà wà, Chevron sì ni orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìkẹjà, Ìkòròdú tàbí òde Èkó, ẹ kọ́kọ́ wá sí CMS tàbí Ọbáléndé, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ Ajáh níbẹ̀. Ẹ sọ fún kọ́ndọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Chevron ni ẹ ń lọ, kí ẹ sì ké “Chevron wà o!” nígbà tí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, nítorí ọkọ̀ tó bá kọjá bọ́sítọ́ọ̀pù lórí ọ̀nà yẹn kì í tètè rí ibi dúró. Títì náà fẹ̀, ọkọ̀ sì ń sáré lórí rẹ̀. Bí ó bá sọ̀ yín sí òdìkejì, ẹ wá ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá, bó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀.

Ẹni tó bá wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lè gbé e sínú ọgbà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà yẹn kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ láti apá Ìkẹjà gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé ní aago mẹ́fà tàbí ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lákòókò

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, tí ẹ sì ti lo ilé ìyàgbẹ́ tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ẹ jọ wọlé yóò forí lé afárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ̀yin ẹ rọra máa rìn lórí ọ̀nà onípákó tó gba inú irà kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kí àlàfo wà láàrin yín àti ariwo wọn. Láàrin aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́wàá, oòrùn kò tíì mú, ẹyẹ ṣì ń wá oúnjẹ, ọ̀bọ ṣì wà nítòsí ilẹ̀. Wákàtí yìí, bí ó bá ti lọ, kò tún sí irú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ó rí i pé ó dúdú, bíi tíì líle tí a kò fi mílíìkì sí, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Ewé àti igi tó jẹrà sínú rẹ̀ ló ń tú oje tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bu irú omi náà sínú ife, ẹ ó rí i pé a lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ tó lè gba imú yín ní ibòmíràn ń wá láti inú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé, níbi tí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ti ń jẹ ewé tó ti kú. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ohun tó ń dán bí òṣùmàrè lójú omi, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì pariwo pé epo bẹntiróòlù ti dà sínú irà. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n: ẹ mú igi gbígbẹ tó ti já bọ́ sórí pákó, kí ẹ fi fọwọ́ kan ojú omi náà. Bí ohun tó ń dán yẹn bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìgò tó fọ́, tí kò sì padà lẹ̀ mọ́ra, àwọn kòkòrò tó ń jẹ irin inú ilẹ̀ ló ṣe é, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bí ó bá yí po, tó sì tún padà para pọ̀ lójú ẹsẹ̀, epo ni, ó sì yẹ kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ọgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú sí ẹsẹ̀ àwọn igi. Ẹrẹ̀ inú irà kò ní atẹ́gùn tó, igi tó bá fẹ́ gbé níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí gbòǹgbò tó yọ orí sókè kúrò nínú omi, àti igi tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ gbàràgàdà kí ó má baà ṣubú sínú ilẹ̀ rírọ̀. Igi ògùrọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ yẹ fún ìdúró díẹ̀: kò sí ẹ̀yà igi mìíràn láyé tí imọ̀ rẹ̀ gùn tó ti ìdílé ògùrọ̀. Ara rẹ̀ ni a ti ń rí ìko, imọ̀ tí a fi ń bolé, àti ògùrọ̀ tí a ń mu; ẹmu ní tirẹ̀, láti ara ọ̀pẹ ló ti ń wá. Ẹ wo orí ọ̀pẹ tí imọ̀ rẹ̀ ti ya jálajàla, kí ẹ sì wá ẹ̀gà níbẹ̀. Akọ ẹ̀gà ló ń fi ẹnu fa ewé náà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi hun ilé wọn.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi ìwòran tó wà létí omi, ẹ jókòó. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń pàdánù ohun tí wọ́n san owó lé, nítorí wọ́n á wo omi fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní sí nǹkan kan lóòótọ́, nítorí ẹsẹ̀ yín tó ń dún lórí pákó ti lé gbogbo wọn wọ ibùba. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni kọ̀ǹkọ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òmíràn á dá a lóhùn. Ẹyẹ apẹja kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán bí aró lè bà lé ẹ̀ka kan, kí ó tẹjú mọ́ omi, kí ó sì já ṣòòròṣò wọ inú rẹ̀. Lékeléke lè máa rìn létí ẹrẹ̀. Àwòdì lè máa yí po lókè.

Ọ̀nì wà nínú irà náà, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń sá pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wá ojú méjì àti ihò imú tó yọ díẹ̀ lójú omi, tàbí kí ẹ wo orí ẹrẹ̀ àti igi tó wó ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, nígbà tó máa ń jáde wá yáàrùn kí ara rẹ̀ lè gbóná. Awọ́nrínwọ́n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí tí wọ́n ń pè ní ọmọ ọ̀nì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: awọ́nrínwọ́n máa ń na ahọ́n tó là sí méjì jáde lemọ́lemọ́ bíi ti ejò, ọrùn rẹ̀ sì gùn, ọ̀nì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá ni àwọn méjèèjì, nítorí awọ́nrínwọ́n a máa jí ẹyin ọ̀nì jẹ.

Ìgalà àti ẹtu náà ń gbé ibẹ̀, àmọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ẹsẹ̀ wọn ni ẹ máa ń rí lórí ẹrẹ̀ rírọ̀ lẹ́bàá pákó, ojú pátákò méjì tó dojú kọra. Ẹ fi hàn àwọn ọmọdé, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ ìgalà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn láìfọwọ́ kàn án.

Má kúrò lórí pákó, ìyẹn ni òfin kan tí n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé lórí. Ilẹ̀ tó dà bíi pé ó le lè jẹ́ koríko tó léfòó lórí omi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ó ṣe bá àwọn ọ̀bọ lò

Irú ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan ìrù. Àmì yìí ni ẹ ó fi dá a mọ̀ nígbà tó bá ń sá lọ. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà ní erékùṣù Grenada ní òkèèrè, nítorí pé ọkọ̀ òwò ẹrú ló gbé àwọn baba ńlá wọn sọdá òkun. Ó ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń kó oúnjẹ sí, nítorí náà ọ̀bọ tí ẹ bá rí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú kì í ṣe aláìsàn.

Ẹ má ṣe fún wọn ní oúnjẹ, bó ti wù kí wọ́n tẹjú mọ́ yín tó. Ọ̀bọ tí ènìyàn ti fún ní bísíkíìtì lónìí yóò já báàgì gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́la, òun ni wọ́n yóò sì wá pè ní ọ̀bọ burúkú. Iyọ̀ àti ṣúgà inú oúnjẹ wa kò dára fún wọn, àìsàn ara wa sì lè ràn wọ́n. Wọ́n mọ ìró ọ̀rá dáadáa. Ẹ má ṣe tú ọ̀rá níbi tí wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá sún mọ́ yín jù, ẹ má ṣe sáré, ẹ má ṣe wò ó lójú kòrókòró, ẹ má sì ṣe fi eyín hàn án, nítorí ìhàlẹ̀ ni ó kà á sí. Ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn. Bí ó bá ti já nǹkan gbà, ẹ má bá a jà á. Òṣìṣẹ́ ọgbà ni kí ẹ pè. Ẹni tí ọ̀bọ bá bù jẹ tàbí tó ha lára gbọ́dọ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ìgbésẹ̀ keje: afárá orí igi

Afárá náà gùn ní mítà 401. Pákó tóóró ni, tí okùn àti àwọ̀n wà ní apá méjèèjì rẹ̀, ó sì ń gba orí òpó gíga kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ lè sinmi níbi òpó kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń mì bí ẹ ti ń rìn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ohun tó lè sọ ọ́ di ewu ni kí àwọn ènìyàn máa fò lórí rẹ̀ tàbí kí wọ́n máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún láti dẹ́rù ba ara wọn. Ẹ tẹ̀lé iye ènìyàn tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ó wà lórí abala kan, kí ẹ sì jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó wà níwájú.

Ẹni tí gíga ń bà lẹ́rù, kí ó pinnu nísàlẹ̀. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìtìjú gun nǹkan tí ara rẹ̀ kọ̀, nítorí pé nígbà tó bá ti dé àárín, àwọn ènìyàn ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ìpadàsẹ́yìn á sì ṣòro. Bí ẹ bá pinnu láti lọ, ẹ di okùn mú ní apá méjèèjì, ẹ tẹjú mọ́ òpó tó wà níwájú dípò ìsàlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ní kúkúrú-kúkúrú, ẹ má sì dúró ní àárín abala. Aláboyún, ẹni tí òòyì ń kọ́ àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Fún ọmọ kékeré, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó gbé e gòkè.

Fóònù tó bá já bọ́ láti òkè, irà ló gbà á. Ẹ so ó mọ́ ọrùn, ẹ sì ya fọ́tò níbi òpó nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, àní bó bá tiẹ̀ jìnnà, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Níwọ̀n bí ẹ ti wo irà láti ìsàlẹ̀ ṣáájú, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ń wò nísinsìnyí. Láti òkè, ẹ ó rí i bí igi ṣe ń kúrú níbi tí omi ti jìn, bí orí ògùrọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ojú omi, àti bí òrùlé ilé ṣe yí igbó náà ká. Àwọn ẹyẹ tí ẹ ń nàgà wò tẹ́lẹ̀ ti wà ní ọ̀gbọọgba ojú yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọ̀dàn, ilé orí igi àti àwọn ọmọdé

Ọ̀nà náà máa ń já sí ọ̀dàn gbalasa tí ibòji wà fún jíjókòó àti jíjẹun. Ayò ńlá tí a yà sílẹ̀, bíi ṣẹ́ẹ̀sì àti ejò-òun-àkàbà, wà níbẹ̀ fún ọmọdé, ọ̀kín sì lè máa rìn kiri ní agbègbè ilé. Oúnjẹ yín, ibí ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Ilé orí igi náà wà. Àkàbà rẹ̀ ga, ó sì dagun, nítorí náà ẹni tó bá ti rẹ̀ lẹ́yìn afárá kò gbọ́dọ̀ fi agídí gùn ún.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ejò kì í wá ènìyàn; ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tàbí tó fọwọ́ kàn án ló máa ń bù jẹ. Ẹ wo ibi tí ẹ ń fọwọ́ tì àti ibi tí ẹ ń jókòó sí. Bí ó bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ mú un jókòó, kí ó má ṣe rìn, ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wíwú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa oró náà, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin, nítorí gbogbo wọ̀nyí ń ba ara jẹ́ ju bí wọ́n ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lọ. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ọgbà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ má ṣe lé ejò náà kiri. Ìrísí rẹ̀ tí ẹ bá rántí ti tó fún dókítà.

Bí oyin bá tú, ẹ bo ojú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ jù wọ́n, kí ẹ sì yára kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ìpadàsílé

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ gbé wọlé jáde, títí kan èèpo ọsàn. Òun náà a máa kọ́ ọ̀bọ láti wá oúnjẹ lójú ọ̀nà ènìyàn. Bí ẹ bá rí pákó tó ti jẹrà tàbí ẹranko tó fara pa, ẹ sọ ibi tó wà gan-an fún ẹni tó wà lẹ́nu géètì. Ẹni tí ibẹ̀ bá wọ̀ lọ́kàn lè béèrè bí a ti ń di ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ lè béèrè nípa ẹgbẹ́ ìtọ́jú àyíká fún ilé-ìwé wọn.

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí láti aago mẹ́rin lọ ni ọkọ̀ ń dí pa ní ọ̀nà náà. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò bóyá eégbọn lẹ̀ mọ́ wọn, pàápàá ní ẹ̀yìn etí àti abíyá. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni láàrin ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn ibà.